Kàmíọ̀ Agolo Tí Àṣàkẹ́ Kàn

Ìró agolo ló máa ń jí wa lọ́dún tí mò ń wí yìí, kì í ṣe àkùkọ. Kí aago ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tó dún, kí àwọn ìyàwó ilé tó mú ìgbálẹ̀, a ó ti máa gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé ìdáná, kó, kó, kó: ẹ̀gbọ́n mi Àṣàkẹ́ ti jókòó sórí àpótí, ó ń fi òkúta na agolo tòmátì kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn Gùn tó wà ní ilé kejì á bú wa láti ẹ̀yìn ògiri, pé ṣé àwọn ò ní sùn ni, ìyá wa á sì fi èdè wọn bẹ̀ wọ́n, nítorí kò sẹ́ni tó dàgbà ní Àjàṣẹ́ tí kò gbọ́ Gùn. Kò ní pẹ́ tí òórùn àmìwó á fi gba àgbàlá kan, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi ọbẹ̀ tòmátì rò títí tó fi pọ́n, tí a ń fi ẹja díndín jẹ. Ẹ má bínú pé oúnjẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Inú ló ń bí mi, bí inú bá sì ń bí mi, ohun tó dùn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí kí n tó dé ibi tó ń ta mí. Mo ti dàgbà, mo ti ní ọmọ ọmọ, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti tán nínú mi. Kò tán, mi ò sì fẹ́ kó tán.

Ilé wa tóbi. Bàbá mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ló ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ wọn, ìyá tó sì bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá àgbà, ló ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Iṣẹ́ àwa ọmọdé ni ká kó ìdọ̀tí ilé jọ síwájú rẹ̀ kí a tó gbé e lọ sí ààtàn. Òun á fi ọ̀pá rẹ̀ tú u wò. Èèpo ẹ̀gẹ́ di ti ewúrẹ́, eérú di ti ọṣẹ, àkísà aṣọ di tèmi àti ti àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tí wọ́n ń rán ọmọláńgidi, agolo di ti Àṣàkẹ́. Ìyá àgbà máa ń sọ pé ohun tí ọmọdé ò tíì fi ṣeré tán, a kì í pè é ní ìdọ̀tí. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa níṣẹ́ kan. A ń so òwú gígùn mọ́ ìdí agolo wàrà méjì, ẹnì kan á fi tirẹ̀ sétí lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kejì á máa sọ̀rọ̀ òfófó sínú tirẹ̀ lẹ́bàá kànga. A ń lu ìdérí ìgò pẹlẹbẹ, a ń sín in sórí wáyà, ó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. A ń yọ́ ìdí àbẹ́là sínú agolo sàdíìnì, a fi òwú sáàárín rẹ̀, ó di fìtílà. Lónìí, inú ọ̀rá ni wọ́n ń da gbogbo rẹ̀ sí, ọlọ́mọlanke á wá kó o lọ, àwọn ọmọ ọmọ mi á sì máa sunkún kí n ra mọ́tò oníke fún wọn, èyí tí táyà rẹ̀ á ti yọ kí a tó sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù zẹ́mìjàn.

Àwa yòókù ń ṣeré ni o. Dàdá mi ń ṣiṣẹ́. Dàdá ni mò ń pe Àṣàkẹ́, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lóbìnrin ní Àjàṣẹ́. Bí ó bá mú agolo lọ́wọ́, á yí i po, á fi àtàǹpàkò wá ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti ṣí i, kò ní já a jàgajàga bíi tiwa. Lọ́dún yẹn náà ni àbúrò bàbá mi gbé ìyàwó láti Avrankou. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá bá nínú ilé ní orúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí kí ó tó dé, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ọkọ rẹ̀ ni, ó sì gbọ́dọ̀ wá orúkọ tí yóò máa fi pe oníkálùkù. Ìyàwó wa fara balẹ̀ wò wá kó tó sọ wá lórúkọ. Ó pè mí ní Eyínfúnjowó, bẹ́ẹ̀ eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ orí ìkúnlẹ̀ ló ti sọ ọ́, mo bá gbà á. Kọ̀lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ ẹgbẹ́ Àṣàkẹ́, ló pè ní Akọ̀wé, nítorí pé olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, òun náà sì máa ń fi bíírò há etí káàkiri ilé. Nígbà tó kan Àṣàkẹ́, ó wo ọwọ́ ọmọ náà tí agolo ti ya yánnayànna, ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn àgbàlá, ó ní, "Alágbẹ̀dẹ mi, ẹ kú iṣẹ́." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àṣàkẹ́ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé ó ti ń retí orúkọ náà tipẹ́.

Kraké ni ìyá wa ti ń ra ọjà, ní ẹnu ibodè lọ́nà Nàìjíríà, bí ilé ẹ̀kọ́ kò bá sì sí, Àṣàkẹ́ ni ó máa ń mú lọ kó bá a ru ẹrù. Bí wọ́n bá dé, ẹnu ọmọ náà kì í sọ nǹkan kan nípa ọjà. Kàmíọ̀ ni, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Bí èyí tó ń kó yanrìn ṣe ń gbé ẹ̀yìn sókè, bí táyà iwájú ṣe ń yí tí tẹ̀yìn kì í yí. Ìyá wa ní òun rí i níjọ́ kan tó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń wo abẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, òun sì gbá a lẹ́yìn kí awakọ̀ má baà fi ọkọ̀ gùn ún. Láti inú ohun tó rí lábẹ́ ọkọ̀ yẹn ló ti wá kan kàmíọ̀ tirẹ̀. Agolo òróró ńlá ni ó gé ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, agolo sàdíìnì ló fi ṣe ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Bàtà rọ́bà tó ti já ló fi ọ̀bẹ gbígbóná gé róbótó ṣe táyà, irin agboòrùn tó bàjẹ́ ló sì gún wọn pọ̀. Ó fi wáyà so ọ̀pá gígùn mọ́ táyà iwájú, tí o bá dúró lẹ́yìn tí o yí ọ̀pá, kàmíọ̀ á yà síbi tí o fẹ́. Ó wá bẹ aránṣọ kan fún igi kékeré tí òwú ìránṣọ ti tán lára rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàmíọ̀, ó so okùn mọ́ ọn. Bí o bá yí igi yẹn, okùn á máa ká mọ́ ọn, ẹ̀yìn kàmíọ̀ á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà ní kí wọ́n da ẹ̀wà sí i kí òun rí i. Àṣàkẹ́ wa ẹ̀wà náà la àgbàlá já, ó yí igi òwú, ẹ̀wà sì tú wàràwàrà sẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá arúgbó. Ìyá àgbà pa àtẹ́wọ́ mọ́ àyà. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ó ní ìdí tó fi ń kàn án tọkàntọkàn bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọdún ilé ẹ̀kọ́, wọ́n máa ń ṣe ayẹyẹ tí a ń pè ní fẹ́ẹ̀tì, gbogbo ọmọ kíláàsì wọn á sì gbé ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá. Ọkùnrin kan tó ń fi irin ṣe ìlẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì nígboro ti ṣèlérí pé ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wu òun jù, òun á gbà á sí àtẹlíyé òun, ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́, ní gbogbo ìsinmi ńlá yẹn, tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì yá, òun ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti kọ́ ọ níṣẹ́ dópin. Ìdí ìkòkò tí a ń fọ̀ ni Àṣàkẹ́ ti sọ fún mi, ó rọra sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má gbọ́. Ó ní bí wọ́n bá lè mú òun, òun á kúrò nídìí agolo, irin gidi ni òun á máa kàn. Mo bi í pé ṣé á ṣe bẹ́ẹ̀dì fún mi. Ó ní á ṣe é, á sì jẹ́ kó ní táyà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bàbá Kọ̀lá, ni olórí ilé. Nítorí iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀, Mẹ́tìrì ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan àwọn àbúrò rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò fẹ́ràn agolo rí. Ó máa ń sọ pé ọmọ ilé olùkọ́ kì í ṣa ààtàn, àlejò á rò pé ebi ń pa wá. Àmọ́ nígbà tí fẹ́ẹ̀tì kù sí dẹ̀dẹ̀ tí Kọ̀lá kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, Mẹ́tìrì rìn wá sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dé. Ó gbé kàmíọ̀ náà, ó yí igi òwú, ó rí i tí ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá pe bàbá mi.

"Kọ̀lá ni yóò gbé èyí lọ," ló wí. "Orí tábìlì ọmọkùnrin ni nǹkan irin ń wà. Bí Àṣàkẹ́ bá gbé e dé ibẹ̀, wọn á ní ta ló bá a ṣe é. Ilé kan náà ni gbogbo wa. Ògo ilé ni."

Bàbá mi wo Àṣàkẹ́, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Bí ẹ ṣe wí náà ni." Ìyẹn nìkan ni ó sọ. Bàbá dáadáa ni bàbá mi, kì í lù wá, kì í pariwo, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ títí tó fi kú, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn, mi ò tíì forí jì í. Mẹ́tìrì ní kí wọ́n fún Àṣàkẹ́ ní aṣọ funfun pélébé kan àti òwú aláràbarà kó fi ṣe ìborí abọ́, iṣẹ́ tó yẹ ọmọbìnrin. Ògo ilé, ó ní. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn ọkùnrin ilé wa, mi ò tíì rí ìgbà kan tí obìnrin ṣe nǹkan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ògo náà. Tí ọmọbìnrin bá fọ́ àwo, a mọ orúkọ ẹni tó fọ́ ọ. Tó bá kan kàmíọ̀, ilé ló kàn án.

Lọ́jọ́ fẹ́ẹ̀tì, tábìlì ọmọkùnrin wà lápá kan, ti ọmọbìnrin wà lápá kejì. Mo dúró ti Àṣàkẹ́. Ìborí abọ́ rẹ̀ ti dọ̀tí, òwú rẹ̀ ti ta kókó, olùkọ́bìnrin kan tó ń kọjá sì mi orí sí i. Oníṣẹ́ irin náà dé, ọkùnrin ńlá tó ní ojú pupa nítorí iná, ó wo nǹkan kọ̀ọ̀kan lóréfèé títí tó fi dé ọ̀dọ̀ kàmíọ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yí igi òwú, ó tún un yí, ó fi ìka tẹ táyà, ó da kàmíọ̀ dojú délẹ̀ láti wo abẹ́ rẹ̀. Ó béèrè pé ta ló kàn án. Kọ̀lá nawọ́ sókè. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Àṣàkẹ́ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, nítorí bàbá wa dúró ní iwájú wa, ọmọ tó bá sì jẹ́ kí ojú ti bàbá rẹ̀ láàárín àwùjọ, a kì í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àṣàkẹ́ di etí tábìlì mú, kò sunkún. Ìwọ tó ń kà á, bí o bá ti rí ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, o mọ bó ṣe rí. Bí o kò bá rí i rí, máa dúpẹ́.

Nígbà tí a délé, wọ́n pa adìẹ. Àwọn àlejò wá bá Mẹ́tìrì yọ̀, gbogbo ènìyàn ń jẹ àkàsà, Kọ̀lá jókòó láàárín àwọn àgbà. Ọ̀rọ̀ kan wá kù tó ń dí Mẹ́tìrì lọ́nà. Ìyàwó ń gbé omi kọjá, ó rí Àṣàkẹ́ lẹ́bàá ògiri, ó sì kí i ní ohùn rara bí ó ṣe máa ń kí i: Alágbẹ̀dẹ mi. Àlejò kan béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀. Ojú Mẹ́tìrì yí padà. Ó pe Ìyàwó, ó ní láti òní lọ, Kọ̀lá ni kó máa pè ní Alágbẹ̀dẹ, kó wá orúkọ mìíràn tó bá ọmọbìnrin mu fún Àṣàkẹ́.  Ìyàwó gbé omi sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, Bàbá. Orúkọ tí mo fún ọkọ mi, mo ti fi kí i láàárọ̀, ó ti jẹ́ mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á padà."

Ọmọbìnrin tí kò tíì lo ọdún kan nílé ọkọ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún olórí ilé níwájú àlejò. Mẹ́tìrì ní ó dára, kó palẹ̀ mọ́ kó padà sí Avrankou, kí àwọn òbí rẹ̀ lọ tún un kọ́. Nígbà yẹn ni Ìyá àgbà gbé ọ̀pá rẹ̀ lulẹ̀. Ó ní kí ọmọ òun fi Ìyàwó lọ́rùn sílẹ̀. Ó ní òun náà bá ọmọ nínú ilé yìí kí òun tó bí Mẹ́tìrì, òun náà sì fún wọn lórúkọ, orúkọ náà ni wọ́n jẹ́ wọ sàréè, kò sí ọkùnrin kankan tó bá òun yí i.  Àṣà ni, kò sì sí ìwé tí Mẹ́tìrì kà tó lè bá a borí rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń jó nínú.

Ìdùnnú ọmọdé ni. Mo rò pé ẹni tó gba orúkọ sílẹ̀ á gba iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìyá wa kúnlẹ̀ síwájú Ìyá àgbà, ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n sọ òótọ́ fún oníṣẹ́ irin kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà fi ọwọ́ pa á lórí. Ó ní, "Orúkọ ni mo lè gbà sílẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń jó irin?" Obìnrin tó ń fi ọ̀pá ara rẹ̀ ya agolo sọ́tọ̀ fún ọmọ náà, tó pa àtẹ́wọ́ mọ́ àyà, òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa wà lọ́jà. Wọ́n pé síbẹ̀, wọ́n ń jẹ adìẹ.

Kọ̀lá lọ sí àtẹlíyé. Oníṣẹ́ irin gbé pánù kékeré kan fún un àti nǹkan tí wọ́n fi ń gé e, ó ní kó gé táyà kan fún òun bó ṣe gé ti kàmíọ̀. Kọ̀lá kò mọ̀ pé bàtà rọ́bà ni táyà náà. Ó gé ara rẹ̀ lọ́wọ́, ó sunkún wálé, ó ní òun ò padà síbẹ̀ mọ́. Ìyá wa, tí kì í sọ̀rọ̀ sí àna rẹ̀, sọ ọ́ ketekete nídìí àdògán pé a kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbé adìẹ. Ó tún lọ bá Mẹ́tìrì, ó ní àyè náà sì wà níbẹ̀, ó kéré tán kí wọ́n rán Àṣàkẹ́ dípò rẹ̀. Mẹ́tìrì ní rárá. Ó ní bí ọmọ náà bá débẹ̀ tó sì mọ̀ ọ́n ṣe, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìtìjú rẹ̀ á sì pọ̀ jù fún ilé wa. Ẹ tún un kà, nítorí èmi ti ń tún un kà láti ìgbà náà. Àyè wà. Ọmọ tó yẹ àyè náà wà. Wọ́n fẹ́ kó ṣófo ju kí Àṣàkẹ́ jókòó sí i lọ. Ó sì ṣófo títí ìsinmi fi parí.

Àṣàkẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó gbogbo agolo rẹ̀ sínú agbọ̀n, àtèyí tó ti nà àtèyí tí kò tíì nà, ó rù ú lọ sí ààtàn fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ san, àpá rẹ̀ jinná. Ìyá Gùn tó wà lẹ́yìn ògiri, tó ń bú wa ní àràárọ̀, wá béèrè lọ́wọ́ ìyá wa pé ṣé ara ọmọ náà ò yá ni. Ìyá wa ní ara rẹ̀ yá. Ìyàwó ò jáwọ́ ní tirẹ̀, Alágbẹ̀dẹ ni ó ń pè é títí Àṣàkẹ́ fi lọ ilé ọkọ, Àṣàkẹ́ á sì dá a lóhùn, á máa ṣa ẹ̀wà tàbí kó máa gúnyán, nǹkan tí wọ́n bá gbé fún un.

Aṣọ ni ó tà ní Kraké ní gbogbo ayé rẹ̀, ó fi tọ́ ọmọ, ó fi kọ́lé. Ẹ má sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ náà ló dára. Kọ̀lá di òṣìṣẹ́ ìjọba, ó ti fẹ̀yìn tì, èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, kò ṣẹ̀ mí rí yàtọ̀ sí èyí. Níbi ìkómọ kan nínú ẹbí wa láìpẹ́ yìí ni ó ti mú ọ̀rọ̀ náà sọ fún àwọn ọmọ: bí òun ṣe fi agolo àti bàtà rọ́bà kan kàmíọ̀ tó ń da ẹ̀wà, nígbà tí ọmọ ń lo ọpọlọ, kì í ṣe ayé fóònù yìí. Ó ti mọ̀ pé bàtà rọ́bà ni báyìí. Mo rí ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò purọ́ mọ́, ó ti gbà á gbọ́. Mo dìde, mo ní Àṣàkẹ́ ló kàn án. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan fà mí ní ìró, ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ẹ jókòó." Mi ò jókòó. Mo gba ilé mi lọ.

Ní Sátidé tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ méjì wá bá mi, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa bí a ṣe ń fi ìdọ̀tí ilé ṣe nǹkan ìṣeré, wọ́n sì ń wá àgbàlagbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi agolo kan ọkọ̀ láyé ìjọ́sí. Ara mi yá gágá. Mo kó wọn lọ sílé Àṣàkẹ́. Ó fún wọn lómi, ó jókòó, ó gbọ́ wọn tán. Ọmọge náà gbé mọ́tò agolo kan tí àwọn ọmọ ti ṣe jáde, ó ní kó wò ó. Irin tó gún táyà rẹ̀ ti wọ́, kò lè yí. Àṣàkẹ́ gbé e sórí itan. Bó ṣe ń tẹ́tí sí wọn, àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń lọ lábẹ́ agolo yẹn, ó ti tẹ irin náà tọ́, ó ti fi ìka ta táyà, táyà sì ń yí. Mi ò rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ìgbà tó wolẹ̀ tó rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ni ó gbé mọ́tò náà padà fún wọn.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó wá kọ́ àwọn ọmọ.

"Ẹ lọ pe Kọ̀lá," ni ó wí. "Òun ló kàn án."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúpẹ́ gan-an. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n fún òun ní nọ́ńbà bàbá tó ń jẹ́ Kọ̀lá yẹn.